Èdìdì tàbí Adènà? Àlàyé lórí Ọ́ìlì tí Ń Jò ní Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Land Rover Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ kan náà ni èdè Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún òǹtẹ̀ tí a fi ń lu ìwé ọba àti fún òrùka rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò jáde ní ẹsẹ̀ ọkọ̀. Nítorí náà, ó rọrùn púpọ̀ fún ògbufọ̀ láti pe òrùka yìí ní èdìdì. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé orúkọ náà kò bá iṣẹ́ òrùka yìí mu, àti pé àṣìṣe tí ó wà nínú orúkọ lè di àṣìṣe lọ́wọ́ ẹni tí ń tún ọkọ̀ ṣe.

Ọkọ̀ tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Land Rover Series III, tí a ṣe láti 1971 títí di 1985. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ó wò. Ọ̀pá kan wà níbẹ̀ tí kì í yí. Inú rẹ̀ hò bí ọ̀pá ìbọn, ọ̀pá mìíràn tí ń yí sì gba inú ihò náà kọjá. Họ́ọ̀bù, èyí tí a de táyà mọ́, ń yí ká ọ̀pá àìyí yìí lórí béárìn méjì. Ní ẹ̀yìn họ́ọ̀bù ni a ti òrùka rọ́bà bọ̀. Ara òde òrùka náà le, ó fún mọ́ họ́ọ̀bù, ó sì ń bá a yí. Inú rẹ̀ ni ètè tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, tí sípírìn wẹ́wẹ́ fún mọ́ra. Ètè yìí ń fara kan òrùka irin dídán tí a gbá mọ́ ọ̀pá àìyí. Ẹ jẹ́ kí a pe òrùka irin náà ní òrùka abẹ́-ètè.

Èdìdì a máa lẹ nǹkan méjì pọ̀. Èkíní kì í yẹ̀, èkejì kì í yẹ̀. Bí a bá ti lẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ parí. Ṣùgbọ́n níhìn-ín, ohun kan ń yí, èkejì dúró gbọin, a kò sì gbọdọ̀ dí yíyí náà lọ́wọ́; ọ́ìlì nìkan ni a kò fẹ́ kí ó kọjá. Iṣẹ́ ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu-ọ̀nà ni èyí. Nítorí náà ni mo ṣe dábàá adènà ọ́ìlì. Mo ti kọ́kọ́ ro asépo, ṣùgbọ́n àléébù méjì ni ó ní. Èkíní, epo bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rò. Èkejì, bí òǹtẹ̀wé bá ṣèèṣì fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà kan, asépo di asẹ́po, ohun tí ń sẹ́ epo tí ó sì ń jẹ́ kí ó kọjá, èyí tí ó lòdì pátápátá sí ohun tí a ń wí. Ní ti họ́ọ̀bù, mo fi ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè fẹ́ pè é ní ìdodo, ṣùgbọ́n ìdodo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò pa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́rìn-ín ju bí yóò ti kọ́ wọn lọ.

Ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba nígbà tí ọ́ìlì bá ń jò. Ẹni tí ó gbà pé èdìdì ni yóò yọ ògbólógbòó, yóò ti tuntun bọ̀, yóò sì rò pé ó tán. Láìpẹ́, ọ́ìlì yóò tún máa jò, nítorí pé ètè rọ́bà ti fi ọdún púpọ̀ gbẹ́ poro sára òrùka abẹ́-ètè. Kí a fi èékánná fà á lórí: bí èékánná bá há, òrùka náà ti bàjẹ́, adènà tuntun kò sì lè rí ojú tí yóò fara tì. A ó yọ òrùka náà, a ó gbá tuntun wọlé láìjẹ́ kí ó wọ́, a ó sì fi àtè tí ọ́ìlì kì í yọ́ sí abẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọ́ìlì lè gba abẹ́ òrùka náà pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán. Ọ́ìlì tí ó bá kọjá adènà yóò bọ́ sínú ìlù bíréèkì, yóò sì rin ṣúù bíréèkì gbingbin. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ kan yóò dì, èkejì yóò máa yọ̀, ọkọ̀ yóò sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ṣúù tí ó bá ti mu ọ́ìlì kò ṣe é fọ̀ mọ́: bí a tilẹ̀ fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, ooru yóò tún mú ọ́ìlì inú rẹ̀ jáde. Kí a pààrọ̀ ti ẹsẹ̀ méjèèjì ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí a má sì fẹ́ atẹ́gùn sí eruku inú ìlù náà, nítorí pé asbestos, tí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, wà nínú ọ̀pọ̀ ṣúù àtijọ́.

Kí a tó tú ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí ó dá wa lójú pé adènà ni ó jẹ̀bi. Omi bíréèkì ṣàn bí omi, ó sì ń bó ọ̀dà. Ọ́ìlì áàsù ki, ó sì ń rùn bí imí-ọjọ́. Bí ó bá jẹ́ omi bíréèkì ni, ibòmíràn ni kí a wá àbùkù náà sí.

Títú rẹ̀ kò le. A ó fi òkúta há àwọn táyà yòókù, a ó fi jáákì gbé ọkọ̀, a ó sì fi òpó irin tì í lábẹ́. Lẹ́yìn tí a bá yọ táyà àti ìlù bíréèkì, a ó tú bóòtù mẹ́fà tí ó di ọ̀pá tí ń yí mú, a ó fà á jáde, a ó sì fi sípánà oníhò tí ó jẹ́ mílímítà 52 tú nọ́ọ̀tì ńlá méjèèjì tí ó di họ́ọ̀bù mú. Nígbà tí a bá ń ti adènà tuntun bọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí sípírìn wà ni kí ó kọjú sí inú họ́ọ̀bù, níbi tí ọ́ìlì ti ń bọ̀. Adènà kì í kẹ̀yìn sí ẹni tí ó ń dá dúró. Kí a fi gírísì díẹ̀ pa ètè rẹ̀, kí ó má baà jóná ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Kí a má fún nọ́ọ̀tì jù: ìwé ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ ni yóò sọ bí béárìn yóò ti ní àyè tó.

Ohun kan kù tí a máa ń gbàgbé. Lórí àpótí áàsù, ihò kékeré kan wà tí áàsù fi ń mí. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ooru yóò mú kí atẹ́gùn inú áàsù wú, yóò sì ti ọ́ìlì kọjá lábẹ́ ètè adènà tí kò ní àbùkù kankan. A ó tú èémí áàsù yìí, a ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, a ó sì máa mì í títí bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ yóò fi máa dún, kí a tó dá a padà sí àyè rẹ̀.