Kabúkabú Ojú Sánmọ̀

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàálù kékeré kan kọjá lórí pápá wa, ni àríyànjiyàn bá bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì. Àwọn kan ní ti Ààrẹ ni, àwọn kan ní olówó kan ló ni ín. Kò sẹ́ni tó rántí pé èèyàn lè ṣátà ẹ̀ bí a ṣe ń ṣátà bọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ ká wo Hawker 800XP. Ọdún 1962 ni bàbá ńlá rẹ̀, DH.125, kọ́kọ́ fò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ́ńjìnnì méjì ló ní, awakọ̀ méjì ló ń wà á, èrò bíi mẹ́jọ ló sì ń gbé. Agbedeméjì ni wọ́n ń pè é: ó tóbi ju àwọn elérò mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n kò tó àwọn ńlá tó ń fò dé Amẹ́ríkà láìdúró. Nǹkan bíi wákàtí kan ló ń gbà á láti Èkó dé Àbújá. Tó bá ń lọ Lọ́ńdọ̀nù, tó jìn tó nǹkan bíi kìlómítà 5,000, ó sábà máa ń yà rapo lọ́nà.

Kí ló dé tó fi wọ́n? Nígbà tí ẹbí wa lọ ṣe ìgbéyàwó ní Abígí, a ṣátà bọ́ọ̀sì láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwa mẹ́sàn-án péré la wà nínú ẹ̀, síbẹ̀ gbogbo àga la sanwó fún. Dírẹ́bà tún gbowó àbọ̀, torí òfìfo ló máa gbé padà. Bí ti bàálù náà ṣe rí nìyẹn: wákàtí tó fò ni wọ́n ń kà, kì í ṣe orí èrò, ẹni tó ṣátà ẹ̀ ló sì sábà máa ń sanwó òfìfo.

Ohun tó ká mi lára jù rèé. Bàbá mi kì í jẹ́ ká wọ kabúkabú lálẹ́ láti Òrù. Ó ní mọ́tò tí kò ní nọ́ńbà èrò, ta lo máa bi tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀? Kabúkabú wà lókè náà! Bàálù tó bá ń gbowó èrò gbọ́dọ̀ ní ìwé AOC láti ọwọ́ NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú nílẹ̀ wa. Kí wọ́n tó fúnni, wọ́n á yẹ bí ilé iṣẹ́ náà ṣe ń tún bàálù ṣe àti bó ṣe ń kọ́ awakọ̀ wò. PNCF ni ìwé àwọn tó ń fi bàálù gbé ara wọn. Òfin ní wọn ò gbọ́dọ̀ fi gbowó lọ́wọ́ èrò. Síbẹ̀, ní 2024, NCAA dá PNCF àwọn mẹ́ta dúró torí wọ́n rú òfin ìwé náà.

Pápákọ̀ òfuurufú ti wà ní ìpínlẹ̀ wa báyìí, láàárín Ìperu àti Ìlíṣàn. Ọ̀kan nínú wa lè di awakọ̀ bàálù, òmíràn lè di ẹni tó ń yẹ ìwé wò. Tó bá kan ìwọ náà láti wọ̀ ọ́, má kọ́kọ́ béèrè iye owó. Béèrè AOC. Ẹ̀mí ò ṣe é rà lọ́jà.