Ìkíni Tí Ń Gorí Afẹ́fẹ́ Bẹ Aláìsàn Wò

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ní ilé ìwòsàn kan ní Nairobi ní orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, nọ́ọ̀sì a mú fóònù pẹ́ńpẹ́ sọ́wọ́, a sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí àwọn tí ń gba oògùn kòkòrò HIV lọ́dọ̀ wọn: “Mambo?” Ní èdè Swahili, kò ju kí a wí pé “Báwo ni nǹkan?” lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ le a dá a lóhùn pé “Sawa”, èyíinì ni pé kò séwu. Ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún a kọ “Shida”, pé ìṣòro wà. Ẹni tí ó kọ “Shida” àti ẹni tí ọjọ́ méjì kọjá lórí rẹ̀ tí kò fọhùn, àwọn méjèèjì ni nọ́ọ̀sì a pè, kí ó lè gbọ́ tẹnu wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀ràn yìí ṣeré. Láàrin ọdún 2007 sí 2008 ni Richard Lester, dókítà ará Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kẹ́ńyà kó aláìsàn 538 jọ, tí wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà méjì: 273 ń gba ìkíni yìí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, 265 ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń gbà á tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní ọdún 2010, a rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí à ń kí, 62 ni ó fẹnu ara wọn sọ pé àwọn ń lo oògùn bí ó ti yẹ, nígbà tí ó jẹ́ 50 péré láàrin àwọn tí a kò kí. Ẹ̀jẹ̀ wọn náà jẹ́rìí sí i: kòkòrò rọlẹ̀ nínú ara 57 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ìṣáájú, àti 48 nínú àwọn ti ìkejì. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ojoojúmọ́ ayé ni a ń lo oògùn yìí, tí ó sì mọ̀ pé bí a bá ń fò ó, kòkòrò náà a máa kọ́ ọgbọ́n tí oògùn kò fi ní ràn án mọ́, kò ní fojú kéré àlàfo náà.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni ohun tí ọ̀rọ̀ náà kò sọ. Kò dárúkọ oògùn, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ àìsàn. Nínú ilé tí ọkọ, aya àti ọmọ ti ń jùmọ̀ lo fóònù kan, tí fóònù bá dún lórí tábìlì tí ojú ẹlòmíràn sì ṣèèṣì bọ́ sí i, kí ni yóò rí bí kò ṣe ìkíni lásán? Gbogbo aṣọ kọ́ là ń sá lóòrùn, àwọn tí ó hun iṣẹ́ yìí sì mọ èyí tí ó yẹ kí wọ́n ká sínú àpótí.

Ní Yaoundé ní Kamẹrúùnù, wọ́n dán ohun tí ó jọ ọ́ wò lára aláìsàn 200: ọ̀rọ̀ ìwúrí tí ń rán wọn létí oògùn ń lọ sí orí fóònù wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n lè pè sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyàtọ̀ tí ó ṣeé dì mú kò sí. N kò ní fi ìwádìí méjì péré dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n ojú tèmi ni pé ti Yaoundé ń sọ̀rọ̀, ti Nairobi ń béèrè, ó sì ń dúró gbọ́ èsì. Fóònù, ìránṣẹ́ tí kì í jẹun tí kì í sùn, tí í sọdá odò láìwẹsẹ̀, kò ní ju iṣẹ́ tí a rán an lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọgbọ́n àti fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí ó pe ẹni tí ó dákẹ́ ni ó wà.

Nílé tiwa náà, ní Nàìjíríà, láti ọdún 2010 ni NAFDAC, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lé oníbàárà lọ́wọ́ nítorí ayédèrú oògùn. Lára páálí oògùn ibà, bébà fàdákà kékeré kan wà. A ó fi owó ẹyọ ha á, nọ́ńbà yóò yọjú, a ó fi í ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, èsì yóò sì dé kí a tó kúrò níwájú kémíìsì bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú. Abèèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹ wo àwa tí a ti ha káàdì fóònù títí èékánná fi dúdú: mélòó nínú wa ni ó ti ha ti oògùn rí?

“Mambo?” kò dúró sí Kẹ́ńyà. Lester mú un padà sílé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ilé ìwòsàn Oak Tree ní ìlú Vancouver, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tí ó ní kòkòrò kan náà. Wọ́n yí Swahili rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi ìyókù sílẹ̀ bí ó ti wà: lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹnìkan ń béèrè bí ara ti rí, ó sì ń dúró de èsì.