Èbúté Ọ̀sà àti Bí A Ṣe Ń So Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, odò Ọ̀ṣun tí ó ń ṣàn lẹ́bàá Ẹdẹ ń lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kí, nítòsí Ẹ̀pẹ́. Odò náà kò gba ọkọ̀ ńlá lọ́dọ̀ wa. Nítorí náà, orí ni àwọn baba wa fi ń ru ẹrù dé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ tàbí Ejìnrìn, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e dé Èkó. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tí ó sì gba Ẹdẹ kọjá dé Òṣogbo ní 1907, òwò èbúté dín kù, ṣùgbọ́n kò parẹ́.

Ẹni tí ó bá fi owó tí ó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ra ẹja lọ́hùn-ún, kí ó rántí pé ẹrù lè rì, gbèsè kì í rì. Kí ẹ tó kó ẹrù sínú ọkọ̀, ẹ wo bí wọ́n ṣe so ó:

1. Kí orí ọkọ̀ kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀.

2. Kí okùn kan wà ní orí, kí òmíràn wà ní ìdí, kí a so méjèèjì mọ́ èèkàn tí ó rinlẹ̀.

3. Kí okùn má le jù. Bí omi bá fà, okùn líle lè dojú ọkọ̀ dé.

4. Ewéko tí ń léfòó, tí a kọ́kọ́ rí ní agbègbè Badagry ní 1984, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ má so ọkọ̀ mọ́ ọn, ẹ má sì tẹ̀ ẹ́.

Owó tí a fi ọdún kó jọ, ẹ má jẹ́ kí okùn kan ṣoṣo sọ ọ́ nù.