Ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé ní Mile 12: 'Witness' kì í ṣe 'guarantor' o!

Bẹ́ ẹ bá dé ọjà Mile 12 nígbà tí wọ́n bá ń já tòmáàtì àti ata tí ọkọ̀ kó wá láti òkè Ọya, ẹ ó gbọ́ Yorùbá, ẹ ó gbọ́ Haúsá, ẹ ó gbọ́ Ìgbò. Bí wọn ò bá gbédè ara wọn, ìka ọwọ́ á ṣe ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti dórí ìwé, òyìnbó ni, ibẹ̀ sì ni wàhálà wà, nítorí àwọn ọ̀rọ̀ òyìnbó kan jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wọn ò papọ̀ rárá.

Ẹ wo "yá" tiwa. Ẹni tó gbowó ní òun yáwó, ẹni tó fún un náà ní òun yá a lówó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé "borrow me money". Òyìnbó ò da méjèèjì pọ̀: ẹni tó ń gbà ló ń 'borrow', ẹni tó ń fúnni ló ń 'lend'.

Ìyẹn ṣì jẹ́ ẹ̀rín. Ti 'invoice' àti 'receipt' kì í ṣe ẹ̀rín mọ́. 'Invoice' ń béèrè owó ni, rìsíìtì ló ń jẹ́rìí pé wọ́n ti gbà á. Ẹni tó sanwó ogún apẹ̀rẹ̀ tòmáàtì, tó wá mú 'invoice' nìkan relé, kí ló fẹ́ fi hàn bí ìjà bá dé?

Èyí tó le jù ni ti ẹ̀yáwó. Ká ní alátà kan fẹ́ yáwó, ó wá bá ẹnì kejì rẹ̀ ní ìsọ̀: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọwọ́ síbí, kò ní nǹkan kan nínú." Bó bá jẹ́ 'witness' ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n kàn ń sọ pé ojú òun ló ṣe ni. Bó bá jẹ́ 'guarantor' ni, ó ti kó sí i nìyẹn! Bí alátà ò bá san án, ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń bọ̀ wá bá. Láti ọdún 1677 ni òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti sọ pé ẹni tó bá fẹ́ dúró fún gbèsè ẹlòmíì, àfi kó wà lákọsílẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i. Ìdí tí wọ́n fi ń wá ìbuwọ́lùwé yín nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ò ṣe àṣìṣe níbí o: ẹlẹ́rìí lọ́tọ̀, onídùúró lọ́tọ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ka, ẹ bi wọ́n lédè abínibí yín pé: "Ṣé ẹlẹ́rìí ni mí ni, àbí onídùúró?" Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.