Ilẹ̀ Ilé-Ìwé Tí A Fẹ́ Sọ Di Ọjà

Ẹ̀yin ìyá wa, ọjà dára. Òun la fi ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà ìjọba Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n wó ilé-ìwé gíga Fákúnlé ní Òṣogbo, wọ́n ní ilé ìtajà ńlá ni yóò dúró níbẹ̀. Títí ìjọba náà fi parí ní ọdún 2018, ilé ìtajà náà kò dìde. Kíláàsì lọ, ìsọ̀ kò dé.

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà gẹ́gẹ́ bí àmánà fún ará ìlú. Àwa Ìjẹ̀ṣà, ọmọ Òṣómàáló, mọ àwìn: ẹni tó gbé ọjà gbọ́dọ̀ dá ọjọ́ owó. Bí irú rẹ̀ bá dé Iléṣà, kí ògiri tó wó, ẹ jẹ́ kí a béèrè: níbo làwọn ọmọ ń lọ? Ta ni yóò ní ìsọ̀? Ọjọ́ wo niṣẹ́ yóò parí?