Ẹ̀kọ́ yunifásítì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: Kí ni oníṣòwò lè rí níbẹ̀?

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló wà tó jẹ́ pé ìdánwò JAMB tàbí àìsówó ló dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Wọ́n kọ́ṣẹ́, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù, ọjà sì ń tà. Àmọ́ lọ́jọ́ tí báńkì bá ní kí wọ́n mú àkọsílẹ̀ owó tó wọlé àti èyí tó jáde wá kó tó yá wọn lówó, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń há sí. Irú wọn gan-an ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lè wúlò fún, bí wọ́n bá mọ ibi tí ọ̀fẹ́ náà dé.

Lọ́dún 2001 ni yunifásítì MIT nílẹ̀ Amẹ́ríkà kéde pé òun máa gbé ohun tí àwọn olùkọ́ òun fi ń kọ́ni sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kẹ́nikẹ́ni lè kà á láìsan kọ́bọ̀. OpenCourseWare ni wọ́n pè é, kọ́ọ̀sì ibẹ̀ sì ti lé ní 2,500 báyìí. Lọ́dún 2006, Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá OpenLearn sílẹ̀. Lọ́dún 2011, nǹkan bíi 160,000 èèyàn ló forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo látọ̀dọ̀ Yunifásítì Stanford. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Coursera àti edX dé.

Nǹkan mẹ́ta ni kẹ́ ẹ má ṣe pò pọ̀: ìmọ̀, sátífíkéètì àti dìgírì.

Ìmọ̀ ló jẹ́ ọ̀fẹ́ jù. Ti MIT ò tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀, àmọ́ kò ní sátífíkéètì. OpenLearn máa ń fúnni níwèé pé èèyàn kópa, lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Coursera àti edX, owó lẹ máa san lọ́pọ̀ ìgbà kẹ́ ẹ tó gba sátífíkéètì.

Ní ti dìgírì, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. University of the People, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2009, kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba owó fọ́ọ̀mù àti owó ìdánwò. Nílé níbí, NOUN, tí ìjọba Ọbásanjọ́ jí dìde lẹ́yìn tí ìjọba ológun tì í pa lọ́dún 1984, ń gbowó, àmọ́ èèyàn lè máa tajà kó máa kàwé níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ní òun máa fún yín ní dìgírì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sá fún un.

Kí wá ni èrè ìmọ̀ tí kò ní sátífíkéètì? Ká ní télọ̀ kan ń gba ₦15,000 lórí aṣọ kan, tó ń fi ₦6,000 ra òwú, láínìn àti bọ́tìnnì. Lójú tiẹ̀, èrè òun ni ₦9,000. Bó bá rán aṣọ 20 lóṣù, ₦180,000 nìyẹn. Àmọ́ owó ṣọ́ọ̀bù, epo jẹnẹrétọ̀ àti àtúnṣe ẹ̀rọ kó ₦100,000 lọ nínú ẹ̀. Èrè tó kù lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan ò ju ₦4,000 lọ. Bó bá wá ń dín ₦5,000 fún gbogbo oníbàárà, gbèsè ló ń rán. Irú ìṣirò yìí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ akáǹtì.

Ọ̀fẹ́ náà ní ìnáwó tiẹ̀ o. Fídíò máa ń jẹ dátà, nítorí náà, ẹ wa ìwé kọ́ọ̀sì náà sórí fóònù kẹ́ ẹ máa kà á. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú wọn, ọmọ tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì lè bá yín kà á. Èyí tó le jù ni pé ọ̀pọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ kì í parí. Nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó ń dé òpin kì í sábàá pé mẹ́wàá, torí kò sí olùkọ́ tó máa béèrè wọn.

Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ yunifásítì ńlá yan kọ́ọ̀sì. Ohun tó ń dààmú ṣọ́ọ̀bù yín ni kẹ́ ẹ fi yàn án: ṣé iye tó yẹ kẹ́ ẹ tajà ni, àbí àkọsílẹ̀ owó? Ẹ mú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ wá ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ yín tẹ́ ẹ jọ máa kà á nírọ̀lẹ́ Sunday. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ lò ó ní ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ Monday.