Ìtàn Ká-Ní àti Èrò Àwọn Òǹkàwé: Ẹfúnṣetán Aníwúrà Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ìfáárà

Nínú èdè Yorùbá, "ká ní" àti "ìbá" ni a fi ń sọ ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ṣeé ṣe kí ó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yà lítíréṣọ̀ kan wà tí ó dúró lórí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Òǹkọ̀wé yóò mú ìṣẹ̀lẹ̀ inú ìtàn, yóò yí ibì kan padà nínú rẹ̀, yóò sì tọpa ohun tí yóò ti ibẹ̀ jáde. Nínú iṣẹ́ yìí, ìtàn ká-ní ni a ó máa pè é. Àpẹẹrẹ kan láti òkè òkun ni The Black God's Drums tí P. Djèlí Clark gbé jáde ní 2018. Nínú rẹ̀, ìhà kankan kò borí nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, New Orleans di ìlú olómìnira, agbára Ọya àti Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn ẹ̀dá-ìtàn. Ó ṣòro kí òǹkàwé ṣi irú iṣẹ́ yìí mú fún ìtàn gidi. Ibi tí ìṣòro wà ni ibi tí òǹkọ̀wé ti yí ìtàn padà tí òǹkàwé kò sì fura. Eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá, Ẹfúnṣetán Aníwúrà (1970), kì í ṣe ìtàn ká-ní pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n ìbátan tímọ́tímọ́ ni ó jẹ́ fún un.

Ohun tí ìtàn wí àti ohun tí eré wí

Ẹfúnṣetán jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn. Nínú The History of the Yorubas (1921), Samuel Johnson kọ ọ́ pé àwọn ẹrú rẹ̀ tó 2,000 ní oko nìkan, láìka ti ilé. Ó ní ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀ ní nǹkan bí 1860, àti pé lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìkà sí àwọn ẹrúbìnrin tí ó bá lóyún. Síbẹ̀, ọ̀ràn òṣèlú ni ẹ̀sùn tí Ààrẹ Látòósà fi kàn án ní 1874: kò bá Ààrẹ lọ sógun, kò fi ìpèsè ránṣẹ́ sí i, kò sì jáde lọ pàdé rẹ̀ nígbà tí ó ti ogun dé. Wọ́n yọ ọ́ lóyè. Lẹ́yìn náà, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á lóru, ọmọ tí ó gbà tọ́ sì mọ̀ sí i.

Nínú eré Ìṣọ̀lá, ìwà ìkà sí ẹrú ni ó di gbòǹgbò ọ̀ràn. Ikú Adétutù, ẹrúbìnrin tí ó lóyún, ni ó mú kí ìlú dìde. Ní ìgbẹ̀yìn, Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ ni ó mu májèlé. Ìdí ọ̀ràn yí padà, òpin rẹ̀ náà sì yí padà.

Èrò àwọn òǹkàwé

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín èrò àwọn òǹkàwé sí. Èkíní ni ti àwọn tí wọ́n gba eré náà gẹ́gẹ́ bí ìtàn. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n pọ̀ jù, nítorí pé wọ́n kà á ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì wò ó nínú fíìmù tí ó jáde ní 1981. Lójú wọn, Ẹfúnṣetán ni òdiwọ̀n obìnrin burúkú.

Èkejì ni ti àwọn tí ọkàn wọn wà lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ ìtàn. Bọ́láńlé Awẹ́, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí oyè Ìyálóde (1977), fi hàn pé ipò àṣẹ nínú ìṣèlú ìlú ni oyè náà. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé ojú-ìwòye yìí ń béèrè pé: níbo ni ohùn obìnrin tí wọ́n dá lẹ́jọ́ wà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọkùnrin ni ó kọ ìtàn, tí ọkùnrin sì tún kọ eré?

Ẹ̀kẹta sọ pé eré kì í ṣe ìwé àkọsílẹ̀ ìlú, àti pé òǹkọ̀wé ní òmìnira. Èrò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Àwọn 2,000 tí Johnson kà kò ní orúkọ. Nínú eré, Adétutù àti Ìtáwuyì ní orúkọ, wọ́n ní ìfẹ́, wọ́n sì ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Èrò tiwa ni pé àyípadà yòówù tí òǹkọ̀wé bá ṣe, ó ń fúnni, ó sì ń gbà lọ́wọ́ ẹni. Eré yìí fún ẹrú ní ohùn, ṣùgbọ́n ó gba òṣèlú lọ́wọ́ Ìyálóde. Bí ìjà òun àti Ààrẹ lórí agbára bá ti pòórá, ìwà nìkan ni ó kù tí a ó fi dá a lẹ́jọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tí kò bá gbọ́ ju èyí lọ lè rò pé ìkà ni èrè agbára fún obìnrin.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ torí èyí gbé ìwé náà sọnù. Kí ó pín pátákó ìkọ̀wé sí méjì: ohun tí ìtàn wí, ohun tí eré wí. Kí ó wá béèrè lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹni tí àyípadà kọ̀ọ̀kan gbè àti ẹni tí ó pa lára. Lẹ́yìn èyí, àwọn fúnra wọn lè kọ ìtàn ká-ní. Fún olùkọ́ tí ó wà ní Kétu, Ìkòsí tàbí Magodo, ìtàn Èkó wà nítòsí. Ní oṣù kọkànlá 1851, àwọn jagunjagun Ọba Kòsọ́kọ́ lé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì padà. Ní ìparí oṣù kejìlá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún dé, Kòsọ́kọ́ sì sá kúrò ní Èkó. Ká ní wọn kò padà wá ńkọ́? Ẹni tí yóò dáhùn ìbéèrè yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an.

Àgbálọgbábọ̀

Àwọn àgbà wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òǹkọ̀wé lè ro ẹjọ́ bí ó ti wù ú. Ojúṣe olùkọ́ ni láti rí i pé ìhà kejì náà wọ kíláàsì.